Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Minna ṣe ibùgbé la ń bá sọ̀rọ̀, láti Kpakungu dé Bosso, láti Tunga dé Chanchaga, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ wà ní Sauka Kahuta níbi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbọ́ Hausa nínú wa mọ̀ pé orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ ń kí èèyàn káàbọ̀ ni: sọ̀kalẹ̀, kí o sinmi. Àwọn bàbá wa sì sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Minna, àwọn kan bá òwò wá, àwọn mìíràn bá iṣẹ́ ìjọba wá lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní 1976. A kọ́lé, a bímọ, a sin òkú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa lónìí kì í ṣe ti ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ìlera àdúgbò ni, àti ti gbogbo àwọn tó ní àwọn jọ ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú wa rí. Ìyàwó ilé kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta èlò ọbẹ̀, pọn ọmọ rẹ̀ ọlóṣù mẹ́sàn-án lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan nínú ìlú yìí kó lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi. A ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí pé àdúgbò tí irú rẹ̀ kò sí kò wọ́pọ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó sì tètè dé. Fíríìjì tuntun tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ inú yàrá kan tí wọ́n tì pa ló wà, nítorí pé nǹkan olówó iyebíye ni, wọn ò fẹ́ kí wọ́n jí i gbé. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà dání ti lọ síbi ìsìnkú nílé, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin kó tó dé. Nígbà tí fíríìjì kò ti ṣeé lò, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń lọ gbé abẹ́rẹ́ wá láràárọ̀ láti ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀kadà kò ní epo. Ìyá ọmọ pọn ọmọ rẹ̀, ó padà sílé.

Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí abẹ́rẹ́ wà, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta péré ló wá. Ìgò abẹ́rẹ́ èèyi kan, ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá ti pò ó tán, wákàtí mẹ́fà ló ní, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ da ti ọmọ méje nù. Ó ní kí wọ́n padà wá nígbà tí èrò bá pọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n tìtorí bẹ́ẹ̀ dá ọmọ kankan padà, pé kí wọ́n ṣí ìgò kódà bó jẹ́ ọmọ kan ló wá. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí wọ́n máa bi pé ibo ni ìgò wọlé sí ló mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tí orúkọ wọn wà lára bánà tí wọ́n so sẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fíríìjì náà kalẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ ìrẹsì tí wọ́n sì ya fọ́tò. Àwọn tó fi fíríìjì tọrẹ ní àwọn ti gbé e wá, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Àwọn tó ṣèlérí owó epo ní àwọn ti san án, rìsíìtì rẹ̀ nìyí. Ẹni tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ ní abẹ́rẹ́ kò tán lọ́dọ̀ òun rí láti ìgbà yẹn. Ìgbìmọ̀ ní àwọn ń ṣe ìpàdé déédéé, wọ́n ṣí ìwé wọn, ọjọ́ ìpàdé sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ní òun ń wá síbi iṣẹ́, a sì mọ̀ pé ó ń wá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó purọ́ fún wa. Bí oníkálukú wọn bá kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, "a ti ṣe é" ni yóò wà nínú ìwé náà. Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é nìkan ni wọn ò tíì ṣe é fún.

Ohun tó jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó pawọ́ pọ̀ lórí ìlera ń ṣe dáadáa, iye àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kà, iye ìpàdé tí wọ́n ṣe àti iye owó tí wọ́n ná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, gbogbo wa la mọ òwe náà. Àmọ́ ẹ wò ó: ọwọ́ ọmọdé lè wọ kèrègbè, kí tàgbàlagbà sì tó pẹpẹ, kí ohun tó wà láàárín pẹpẹ àti kèrègbè sì já bọ́ sílẹ̀. Àárín yẹn ló yẹ ká máa wò. Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání? Ta ló ń ra epo lóṣù tí owó bá pẹ́? Ta ló ń lọ wo ọmọ náà nílé?

Òkè Ọya níbí ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, omijé ni wọ́n sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer wá dán òògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò pẹ̀lú ọmọ 200, wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní òògùn tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú gbogbo wọn. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ àwọn àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì gbóná lọ́kàn àwọn èèyàn nígbà tó di 2003 tí àhesọ bẹ̀rẹ̀ pé òògùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu máa ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kano dá òògùn náà dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Kí wọ́n tó dá a padà, àrùn náà ti gbéra láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ní 2008 nìkan, ọmọ 798 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Ẹ ronú sí i, ọmọ 798 nínú ọdún kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé kò sí alájọṣe nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé wà níbẹ̀, UNICEF wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Rotary wà níbẹ̀, owó náà sì wà. Èyí tí kò sí ni kí ẹni tó ń kán òògùn àti ẹni tó ni ilẹ̀kùn jọ gbọ́ ara wọn yé. Ọdún 2009 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, nígbà tí àwọn ọba ilẹ̀ Hausa, pẹ̀lú Sultan Sókótó níwájú wọn, dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ lórí ìlera. Láti ọ̀dọ̀ Ẹ́míà ni ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mai unguwa, mai unguwa ló sì mọ ilé tí ọmọ tuntun wà, ilé tí bàbá ti kọ̀ jálẹ̀ àti ìyá tó ń gbé ọmọ pamọ́ sẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tí wọ́n lè rán wá láti Abuja tó lè mọ ìyẹn.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe ló wù wá jù, òun sì ni ẹ̀kọ́ tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Tẹ́lẹ̀, ìwé àwọn tó ń kán òògùn ni wọ́n fi ń ṣe ìdíwọ̀n. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn ti dé gbogbo ilé, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó bá ti gba òògùn ni wọ́n máa ń fi tàdáwà sàmì sí ìka rẹ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn mìíràn, tí kì í ṣe àwọn tó kán òògùn, jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á mú ibùdó mẹ́fà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á wo ìka ọmọ mẹ́wàá ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọmọ 60. Bí ọmọ tí kò ní àmì lọ́wọ́ bá ju mẹ́ta lọ, wọ́n á ní ibẹ̀ kò yege, àfi kí wọ́n padà síbẹ̀. Kò sí àlàyé, kò sí fọ́tò, kò sí bánà. Ìka ọmọ ni wọ́n ń wò.

Ní 2012, wọ́n tún kó gbogbo àwọn alájọṣe sínú ilé kan náà ní Abuja àti ní àwọn ìpínlẹ̀ tó le jù, kí gbogbo wọn lè máa fojú kan wo iye kan náà. Ẹni tó bá ṣèlérí ọkọ̀, iwájú ẹni tó ń retí ọkọ̀ ló jókòó sí. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní oṣù kejì 2013, àwọn agbébọn pa àwọn obìnrin tó ń kán òògùn ní Kano, ó kéré tán mẹ́sàn-án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún jáde lẹ́yìn ìyẹn. Ní 2016, ọmọ mẹ́rin péré ni wọ́n rí tí àrùn náà mú ní Borno, àwọn ló sì kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti àdánidá ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Oríṣi rẹ̀ kan tó ń ti ara òògùn náà fúnra rẹ̀ jáde níbi tí ọmọ tó gba àjẹsára kò bá pọ̀ tó ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kan òògùn o.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ kún un, nítorí a mọ̀ pé awakọ̀ pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa. Ní ìpínlẹ̀ Adamawa àti Gombe, wọ́n rí i pé aboyún ń kú sílé nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn lóru. Wọn ò ra áḿbúláǹsì. Wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW, wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ tó fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń gbé aboyún. Owó epo nìkan ni wọ́n á gbà. Kí wá ni èrè awakọ̀? Bó bá ti gbé aboyún, tó bá padà dé gáréèjì, wọ́n á fi í síwájú ìlà, òun ló máa kọ́kọ́ kó èrò. Ẹni tó bá ti jókòó ní gáréèjì láti aago márùn-ún àárọ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìjọba kò ná kọ́bọ̀ lórí èrè yẹn, ẹgbẹ́ awakọ̀ kò pàdánù nǹkan kan, aboyún sì dé ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ló jókòó ronú pé kí ni olúkúlùkù ní lọ́wọ́ tí ẹnì kejì rẹ̀ nílò.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìkan la ti lè rí irú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà láàárín wa, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni ohun kan ti bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò lónìí? Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley, tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Imesi-Ilé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ káàdì tí wọ́n ń fa ìlà sí, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ọmọ sàmì sí lóṣooṣù, kí èèyàn lè rí i bóyá ọmọ ń dàgbà tàbí ó ti ń rù. Ohun tó ya àwọn dókítà ìgbà náà lẹ́nu ni pé kò tọ́jú káàdì náà sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ló gbé e fún. Wọ́n ní yóò sọnù, wọ́n ní eku yóò jẹ ẹ́. Àwọn ìyá fi í sínú ọ̀rá, wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Irú káàdì yẹn ló wà nínú báàgì gbogbo ìyá ọmọ ní Sauka Kahuta lónìí, òun náà sì ni ìyá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa mú dání lọ lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Káàdì yẹn ni ìka ọmọ tiwa. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọṣepọ̀ tó wà ní àdúgbò ń ṣiṣẹ́, kí a wọ ilé mẹ́wàá láì sọ tẹ́lẹ̀, kí a ní "Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú káàdì ọmọ yín wá ká wò ó." A ò nílò ẹni tó kàwé gboyè fún ìyẹn.

Wàyí o, níbo ni àwa Yorùbá wà nínú gbogbo èyí? Ibi tó ń dunni nìyẹn.

Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 sọ pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sínú àpò kan tó wà fún ìlera kòṣeémánìí. Òfin náà sùn fọnfọn títí di 2018 kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ sínú ètò ìnáwó, bílíọ̀nù 55 náírà. Nígbà tí wọ́n sì ń wá ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa fi dán an wò, mẹ́ta ni wọ́n mú: Abia, Niger àti Ọ̀ṣun. Ẹ kà á dáadáa. Ìpínlẹ̀ tí à ń gbé wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí owó náà ń gbà ni pé kò gba ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nnà tàbí alága kọjá. Tààrà ló ń lọ sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn alábọ́dé nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́ọ̀dù 274 ló wà ní ìpínlẹ̀ Niger. Kí ilé ìwòsàn tó ná an, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Àwọn wo ló ń wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn? Àwọn ará àdúgbò ni. Kì í ṣe òṣèlú, kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń ta ata lè wà níbẹ̀.

A bi bàbá kan nínú ìpàdé ọmọ ìlú wa, àgbà tó ti lé ní ogójì ọdún ní Minna. A ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́ọ̀dù wo lẹ wà?" Ó wò wá sùn-ùn, ó ní: "Wọ́ọ̀dù kẹ̀? Ṣé ìbò tún ti dé ni?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán, a wò yíká, a rí i pé àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè náà nínú wa kò pọ̀. Minna pín sí ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Chanchaga àti Bosso, ọ̀pọ̀ wa kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà èyí tí ilé òun wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn kò bá mọ wọ́ọ̀dù rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀, ká má tíì sọ pé yóò béèrè ohun tí wọ́n fi owó ṣe?

A mọ ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọ́n ní kí a má lọ tojú bọ ohun onílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé a fẹ́ gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kò wá látọ̀run. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti lọ wá ìwé ọmọ onílẹ̀ rí láti fi wọ iléèwé gíga, tí wọ́n ní kó lọ gbà á ní ìlú bàbá rẹ̀ tí kò dé rí, kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kan náà kì í sì í pe àlejò. Wọ́n á fi ìpàdé sí àárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n á sì kó ọkùnrin nìkan jọ láti jíròrò lórí aboyún àti ọmọ ọwọ́. A ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òdodo ọ̀rọ̀. Èdè kọ́ ni ìṣòro wa. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, àwọn ìyá wa ń fi Nupe àti Gbagyi ná ọjà. Owó kọ́ ni ìṣòro wa. Bí òkú bá kú nílé, kí ilẹ̀ tó ṣú, owó mọ́tò ti pé, aṣọ ẹbí ti jáde. Bí a bá sì fẹ́ ṣoore fún ilé ìwòsàn, bẹ́ǹṣì la máa ń kàn, a ó sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa gàdàgbà sára rẹ̀. Bẹ́ǹṣì dára, aboyún ń jókòó sórí rẹ̀. Àmọ́ a kì í padà lọ wò ó bóyá ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà rí ohun tó wá gbà. Bí ara bá ń gbóná, kẹ́mísì là ń sáré lọ, àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ ká tó rántí pé ilé ìwòsàn wà. Ìgbà tí nǹkan bá wá bàjẹ́ níbẹ̀, a óò ní "Ṣé ẹ rí àwọn èèyàn yìí?" Àwọn èèyàn wo?

Ní 2021, àrùn onígbá méjì jà káàkiri Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Niger sì wà lára ibi tó dé. Ó pa èèyàn tó ju 3,500 lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́dún yẹn. Kòkòrò tó wà nínú kànga kì í béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀. Bí kànga aládùúgbò rẹ bá bàjẹ́, ìwọ náà ló ń bọ̀ wá bá.

A mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé oṣù tó kọjá. Ariwo pọ̀. Ẹnì kan ní ṣé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló wá di ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìyá Ẹgbẹ́ ló dá a lóhùn, wọ́n ní ọmọ tí èèyàn bí sí Sauka Kahuta, Sauka Kahuta ni yóò ti ṣàìsàn, kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn pa ariwo náà. Wọ́n yan obìnrin méjì àti ọkùnrin kan pé kí wọ́n lọ kí mai unguwa, kí wọ́n béèrè ìgbà tí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù ń jókòó, kí wọ́n sì sọ fún un pé a fẹ́ wá, a kò wá gba ipò. Wọ́n lọ. Mai unguwa gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ pé Yorùbá kò fẹ́ràn ìpàdé tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ń dúró dè wá, bí àwa náà ṣe ń dúró kí wọ́n pè wá.

Ohun kan tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ yẹn kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Wọ́n yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún abẹ́rẹ́ èèyi. Ìmáàmù kéde rẹ̀ ní Jímọ̀, pásítọ̀ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ọlọ́jà sì sọ ọ́ fún ara wọn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ tó wá ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù àtiṣí ìgò. Ìyá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ọmọ ké, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, ó ṣí i, ó fi hàn wá.

A bi nọ́ọ̀sì léèrè ibi tí epo ọ̀kadà ti wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ló rà á, láti inú owó òun. Ti fíríìjì ńkọ́? Ó ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti dé láti ibi ìsìnkú, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò gé kọ́kọ́rọ́ kejì, àmọ́ kò tíì gé e. A ní ta ni yóò dá owó epo rẹ̀ padà fún un? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká lọ bi ìgbìmọ̀. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n ń jókòó, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwa mẹ́ta ló ń lọ, a sì ti kọ ọ̀rọ̀ epo àti kọ́kọ́rọ́ sórí ìwé.